Kí A Tó Kọ́ Pápá Ìṣeré Ńlá Mìíràn ní Rẹ́mọ

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ó yẹ kí ìjọba àti àwọn olówó ìlú kọ́kọ́ ṣe fún àwa ọmọ Rẹ́mọ lórí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá, ìdáhùn mi kò ní gùn: pápá ilé ẹ̀kọ́ ni. Kì í ṣe pápá ìṣeré ńlá tí àga inú rẹ̀ lé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí iná rẹ̀ ń sọ òru di ọ̀sán. Pápá tí ó wà lẹ́yìn kíláàsì ni mò ń sọ, èyí tí ọmọ lè sáré dé kí agogo ìsinmi tó dákẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Àwọn kan á ní ọmọdé ni mí, kí ni mo mọ̀ nípa ìdàgbàsókè ìlú? Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa náà ló sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí ó wà nínú kèrègbè ni mo fẹ́ sọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo kórìíra bọ́ọ̀lù. Ọmọ Ṣágámù ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ SS2 ni mí, mo sì mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Remo Stars ju bí mo ṣe mọ ẹ̀kọ́ Kẹ́mísírì mi lọ. Ní ọdún 2004 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Kunle Soname ni ó ni ín. Ní sáà 2016/17, nígbà tí wọ́n wà nínú líìgì àgbà, NPFL, pápá ìṣeré Gateway ní Ṣágámù níhìn-ín ni wọ́n ti ń gba àlejò. Wọ́n já wálẹ̀ ní sáà náà. Wọn kò torí ìyẹn túká. Wọ́n kọ́ pápá tiwọn sí Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní Beyond Limits fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì padà sínú líìgì àgbà ní ọdún 2021. Ipò kejì ni wọ́n ṣe ní 2023. Ipò kejì náà ni wọ́n tún ṣe ní 2024. Nígbà tí ó di oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n gba líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́, ìdíje ọdún náà kò sì tíì parí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè bá wọn mọ́. Inú mi dùn bí inú gbogbo ọmọ Rẹ́mọ ti dùn.

Ohun tí kò dùn mọ́ mi nínú ni ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí kọ́ nínú ìṣẹ́gun náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ọ, nínú mọ́tò, níbi ayẹyẹ, àní nínú kíláàsì: Rẹ́mọ ti di ìlú bọ́ọ̀lù, ó yẹ kí ìjọba kọ́ pápá ìṣeré ńlá tòótọ́ fún wa, irú èyí tí wọ́n ń lò ní òkè òkun. Ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa. Pápá Ìkẹ́nnẹ́ kò tóbi tó ti Surulere ní Èkó, kò sì súnmọ́ ti Abuja tí ó ní àga 60,000. Síbẹ̀, inú pápá tí kò tóbi yẹn ni ẹgbẹ́ tí ó borí gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ti jáde. Àga kọ́ ló gba ife-ẹ̀yẹ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ lójoojúmọ́, tí wọ́n ní ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀, àwọn ló gbà á. Bí a bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ lára Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀kọ́ náà nìyí: ilẹ̀ tí ọmọ ń lò lójoojúmọ́ níyì ju ilé àwòyanu tí à ń ṣí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Ogún ni àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà nínú líìgì àgbà wa. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 38 ní sáà kan, 19 péré nínú rẹ̀ ni wọ́n ń gbá nílé. Nítorí náà, pápá tí ó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ pàápàá, ọjọ́ 19 ni líìgì fi ń pe àwọn òǹwòran síbẹ̀ nínú ọjọ́ 365. Pápá tí kò wá ní ẹgbẹ́ ńkọ́? Ìdíje Eré Ìdárayá Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi gbe pápá ńlá lẹ́yìn. Ìpínlẹ̀ Ògùn gba àlejò ìdíje náà ní ọdún 2006. Ìgbà tí ó tún padà wá sọ́dọ̀ wa ni oṣù karùn-ún ọdún 2025. Ọdún 19 ló wà láàárín méjèèjì. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí àlejò kọ́kọ́ dé ti wọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó ti jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ti parí girama, kí àlejò tó tún kan ilẹ̀kùn. Tí ó bá jẹ́ pé ìdíje yẹn ni à ń dúró dè kí ọmọ tó rí ibi sáré, ọmọ náà á ti di bàbá ọmọ.

Pápá ilé ẹ̀kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni à ń wọlé, sáà mẹ́ta lọ́dún. Lójoojúmọ́ ni agogo ìsinmi ń lù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 5 sí 17 nílò, ó kéré tán, 60 ìṣẹ́jú eré tí ó ń mú ara gbóná lójúmọ́. Wọn kò sọ pé 60 ìṣẹ́jú ní ọdún 19. Níbo ni ọmọ yóò ti rí wákàtí kan yẹn tí kì í bá ṣe ní ilé ẹ̀kọ́? Ní títì ni, níbi tí ọlọ́kadà ti ń sáré bọ̀? Àbí nínú yàrá kan ṣoṣo tí òun àti ẹ̀gbọ́n mẹ́ta ń sùn?

Ìdí tí mo fi ń kígbe báyìí ni pé Ṣágámù ń dàgbà, pápá ilé ẹ̀kọ́ sì ń kú. Ibi tí ìlú wa wà kò ṣeé fojú rénà. Ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tí ó lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà níhìn-ín, pápákọ̀ òfurufú ti wà ní àárín Ìlíṣàn àti Ìpérú, àwọn ènìyàn sì ń ti Èkó wá ra ilẹ̀ nítorí pé ti Èkó ti wọ́n kọjá agbára wọn. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá wọ́n, ilẹ̀ tí kò sí ilé lórí rẹ̀ ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń lọ sí, pápá ilé ẹ̀kọ́ ló sì ń kọ́kọ́ rí wọn lójú.

Ẹ wò ó bí olówó ilẹ̀ ṣe ń wò ó. Pápá bọ́ọ̀lù tí ó pé, mítà 105 ní gígùn àti mítà 68 ní fífẹ̀, lé ní pílọ́ọ̀tì mẹ́wàá tí a bá fi ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 wọn pílọ́ọ̀tì kan. Ibi tí ọmọ ti rí pápá, ẹlòmíràn ti rí ṣọ́ọ̀bù ogún níbẹ̀. Ojú tí ó ń rí ṣọ́ọ̀bù yìí kì í sùn. Ó lè máà gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kàn ń bù ú jẹ ni, bí eku ti ń jẹ ẹsẹ̀ tí ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Mo rí i bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, pápá gbọọrọ kan wà nígbà tí mo dé kíláàsì kìíní. Nígbà tí mo dé kíláàsì kẹta, ṣọ́ọ̀bù ti tò sí ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí títì. Nígbà tí mo dé kíláàsì karùn-ún, wọ́n kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun sí ìhà kejì, nítorí pé a ti pọ̀ jù. Ohun tí ó ṣẹ́kù kò ju ibi tí a ti ń tò ní àárọ̀ lọ. Nígbà tí mo fi máa jáde, òfin ti wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáré nígbà ìsinmi, kí bọ́ọ̀lù má baà fọ́ gíláàsì fèrèsé. Ẹ gbọ́ o: ilé ẹ̀kọ́ tí ó kún fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá, a ní kí wọ́n má sáré. Èmi kò bá àwọn olùkọ́ wa wí. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò wọn, irú òfin bẹ́ẹ̀ náà ni ǹ bá ṣe. Ẹni tí a gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọkùnrin tí ń ṣe ìpinnu kì í sábà rí, nítorí náà èmi ọmọbìnrin ni n ó sọ ọ́. Nígbà tí pápá bá kéré, àwa ọmọbìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ ń tì kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tí àyè ṣì wà, àwọn ọmọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù ní apá kan, àwa náà ń sá eré tàbí kí á gbá bọ́ọ̀lù tiwa ní apá kejì. Nígbà tí àyè di ẹyọ kan, tiwọn ló di. Àwa dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, à ń ta ten-ten, à ń fo suwé. Eré tí ó dára ni méjèèjì, mo sì mọ̀ ọ́n ta dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ó ti ọdún mẹ́fà títí dé ọdún méjìlá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sójú pátákó: pé eré sísá kì í ṣe tirẹ̀. Remo Stars ní ẹgbẹ́ obìnrin. Ta ni yóò wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà ní ọdún mẹ́wàá sí i, tí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ògiri ni gbogbo wa ti dàgbà?

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ilé ni àpẹẹrẹ tí a nílò wà. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1909. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí ó jẹ́ olórí fún ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn yẹn náà ló kọ́ Liberty Stadium sí Ìbàdàn. Ọdún 1960 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí Olóyè Akíntọ́lá ti gba ipò lọ́wọ́ Awólọ́wọ̀. Ibẹ̀ ni Dick Tiger ti bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ ọ̀gá àgbáyé ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, tí ó sì borí. Láti ọdún 2010, orúkọ Awólọ́wọ̀ ni pápá náà ń jẹ́.

Àwọn tí wọ́n fẹ́ pápá ńlá máa ń pe Liberty Stadium ní ẹ̀rí wọn. Ẹ̀rí tèmi ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó: 1955 ni ilé ẹ̀kọ́, 1960 ni pápá ńlá. Ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ ronú kàn, kí wọ́n tó ronú kan àga òǹwòran. Bí ọmọ bíbí Ìkẹ́nnẹ́ bá tò ó báyìí fún gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn, kí ló dé tí àwa tí a wà ní Rẹ́mọ yóò fi dorí rẹ̀ kodò?

Ohun tí ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí pápá ńlá tí kò ní ọmọ nínú, a kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní í lọ jìnnà láti rí i. Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ti ọdún 1973 ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ pápá ìṣeré ti orílẹ̀-èdè sí Surulere. Níbẹ̀ ni Nàìjíríà ti na Algeria ní 3-0 ní ọdún 1980 tí a fi gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Odégbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan. Ògo ńlá ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n kọ́ èyí tí ó tóbi jù ú lọ sí Abuja, ti Surulere di ibi tí koríko ń hù láàárín àga, tí ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tí ikọ̀ Super Eagles kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Owó tí a fi kọ́ ilé kọ́ ló ń mú ilé dúró. Ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ ni. Pápá tí kò ní olùgbé, àfi àlejò, kò sí bí kò ṣe ní di ahoro.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òṣì ló ń mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìlú kan wà nínú aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ Nevada tí ń jẹ́ Las Vegas. Ìlú náà ń dàgbà kíákíá bíi tiwa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi owó ìlú tí ó tó mílíọ̀nù 380 dọ́là ran ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́ láti kọ́ pápá fún eré baseball, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Olówó ńlá ni ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ náà. Ṣé ẹ mọ àwọn tí ó dìde tako ètò yìí? Àwọn olùkọ́ ni. Ẹgbẹ́ olùkọ́ ìpínlẹ̀ náà sọ pé ilé ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣáájú pápá. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ìlú dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ kò gba ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn wọlé ní ọdún 2024. Wọ́n pàdánù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ̀rọ̀.

Ẹ tún wo ìlú tí ẹgbẹ́ baseball náà ti ń bọ̀. Oakland ni, ní California. Láti ọdún 1968 ni ẹgbẹ́ náà ti wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n ṣeré ìkẹyìn, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Àwọn tí bàbá wọn àti bàbá bàbá wọn ti ń wo ẹgbẹ́ náà dúró pẹ̀lú pápá òfìfo. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lè kó ẹrù. Olówó lè ta ohun tí ó ní. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kì í kó ẹrù, ibi tí a fi í sí ni ó ń wà, bí a kò bá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á.

Mo mọ ohun tí àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi yóò sọ, ó sì yẹ kí n dá wọn lóhùn.

Wọ́n á ní pápá ńlá máa ń mú ọ̀nà tuntun wá, ó máa ń mú àlejò wá, ìyá olóúnjẹ á rí tà, ọlọ́kadà á rí èrò gbé. N kò jiyàn. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ìdíje ọdún 2025 fi wà ní ìpínlẹ̀ wa, ọjà tà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ̀nà. Kí ló dé tí ọ̀nà gbọ́dọ̀ dúró de àlejò kí ó tó dára? Ọjà ọ̀sẹ̀ méjì ní ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ ni obìnrin oníràwọ̀ ẹ̀wà fi ń tọ́ ọmọ.

Wọ́n á ní owó ara rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Soname fi kọ́ ti Ìkẹ́nnẹ́, kí ló kàn mí nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, n kò sì bá a jà. Àwọn tí wọ́n fẹ́ fi owó gbogbo wa ṣe irú rẹ̀ ní títóbi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn á sì yí i sí ìhà kejì, wọ́n á ní ó wà lára àwọn tí ó dá ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ Bet9ja sílẹ̀, pé tẹ́tẹ́ kò dára fún ọ̀dọ́. Èmi náà kò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi máa ta tẹ́tẹ́. Ìdí mìíràn gan-an nìyẹn tí a fi nílò pápá ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ó ní ibi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi mọ bọ́ọ̀lù. Ọmọ tí kò ní, bébà tẹ́tẹ́ ni yóò fi mọ̀ ọ́n.

Àwọn òbí kan á sì sọ pé ìwé ni a rán wa lọ kà, a kò rán wa lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin òbí wa, a dúpẹ́ owó ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń san. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ èyíkéyìí bí kíláàsì ṣe ń rí ní aago kan ọ̀sán nígbà tí àwọn ọmọ kò bá kúrò lórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀. Orí ń tò gbẹ̀ẹ̀, ojú ń lọ sí fèrèsé, ìwé kò wọlé. Eré kì í ṣe ọ̀tá ìwé.

Kí wá ni kí á ṣe? N kò kàn fẹ́ kígbe lásán. Ohun mẹ́rin ni mo ń bèèrè.

Èkíní, kí ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù, ti Ìkẹ́nnẹ́ àti ti Àríwá Rẹ́mọ jẹ́ kí wọ́n wọn ilẹ̀ gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, kí wọ́n ri òkúta ààlà sí i, kí ìwé sọ́fè rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́. Ilẹ̀ tí kò ní ààlà, ilẹ̀ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jí ni.

Èkejì, bí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò bá tó, ẹ kọ́ ilé alájà sórí ibi tí ilé wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe kọ́ ọ sórí pápá. Ilé lè gòkè. Pápá kò lè gòkè.

Ẹ̀kẹta, àwọn pápá ńlá tí a ti ní, bẹ̀rẹ̀ láti Gateway ní Ṣágámù, kí ọjọ́ kan pàtó wà lọ́sẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn ilé ẹ̀kọ́, tí a ó kọ sí ara ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Kí ìdíje eré sísá àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa wáyé níbẹ̀. Kí ọjọ́ àwọn ọmọbìnrin sì wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́, kì í ṣe nínú ìwé nìkan.

Ẹ̀kẹrin, àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Nígbà tí Tai Ṣólàárín dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Pápá ilé ẹ̀kọ́ kò nílò ìbùsùn òyìnbó fún koríko. Àdá, ọkọ́, okùn tí a fi ń wọn ilẹ̀, òpó igi mẹ́rin àti ẹ̀fun tí a ó fi fa ìlà ti tó. Bí a kò bá tilẹ̀ rí pápá tí ó pé, mítà 60 sí mítà 40 tó fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò tó pílọ́ọ̀tì mẹ́rin. Ṣé pílọ́ọ̀tì mẹ́rin ti wá pọ̀ jù fún irinwó ọmọ?

Ìgbà tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ní Rẹ́mọ bá ti ní èyí, tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé òun fẹ́ kọ́ pápá ńlá fún wa, èmi ni n ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí á máa pa làpálàpá.

Àwọn àgbà sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí ó ti rí pẹ̀lú ilé, bẹ́ẹ̀ ló rí pẹ̀lú pápá. Ọmọ tí kò sáré lórí pápá kankan rí, tí ó bá di kánsẹ́lọ̀, tí ó bá di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, tí ó bá di baálẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé owó wá pé àwọn fẹ́ ra pápá, kò ní mọ ohun tí òun ń tà. Àwa tí a ṣì rántí bí pápá ṣe tóbi tó nígbà tí a wà ní kíláàsì kìíní kò ní pẹ́ dàgbà. Ẹ jẹ́ kí á wọn ilẹ̀ náà, kí á ri òkúta ààlà rẹ̀, kí á fa ìlà sí i, nígbà tí ó ṣì kù.